Èsì: Eṣinṣin dúdú tí ẹ mú ní São Tomé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn àjò. Kòkòrò dúdú tí ẹ mú lẹ́bàá ààtàn ní erékùṣù São Tomé, tí ẹ ń bèèrè bóyá agbọ́n ni, kì í ṣe agbọ́n rárá. Ìyẹ́ mẹ́rin ni agbọ́n ní. Méjì péré ni mo rí nínú àwòrán yín. Eṣinṣin ni.

Ìwo gígùn yẹn, pẹ̀lú ọmọ ẹsẹ̀ tó funfun lábẹ́ ẹsẹ̀ dúdú, ló jẹ́ kí n fura sí Hermetia illucens, eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní black soldier fly lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbé e síwájú iná: bí àmì méjì níbi tí ikùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ bá mọ́ gaara bíi gíláàsì fèrèsé, òun gan-an ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, kó tó tàn ká ilẹ̀ olóoru. Níbí l'Abẹ́òkúta, àwọn kan tó ń sin ẹja ń fi ìdin rẹ̀ bọ́ ẹja wọn. Kì í ta èèyàn, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, kí ẹ kọ ibi àti ọjọ́ tí ẹ mú un sínú ìwé pélébé. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ o. Sípíríìtì á fọ bírò dànù. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbé e lọ sí FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, fún àwọn onímọ̀ kòkòrò.