Kọ́fà kọ́míìkì ò bá inú ẹ̀ mu: ṣé ayédèrú ni àbí owó ńlá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kọ́míìkì tòkunbọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ Mállàm kan tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ ní Wuse, l'Ábújá. Lára kọ́fà ọ̀kan, Superman ló kúnlẹ̀ síbi sàréè Batman, ó ń sunkún. Mo ka inú ẹ̀ tán, Batman ò kú, kò tiẹ̀ ṣàìsàn. Ẹnì kan nínú gúrúùpù WhatsApp wa ní àṣìtẹ̀ ni, pé àwọn òyìnbó ń fojú méjèèjì wá irú ẹ̀, kí n san ₦25,000 kó bá mi gba sátífíkéètì. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, kí n lọ gbowó mi. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? (Láti Nyanya)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má gbọ́ ti ìkankan nínú wọn. Ìbéèrè yìí ti sú mi o, kí n má parọ́ fún ẹ. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń fi fọ́tò kọ́fà ránṣẹ́ sí mi pé "ẹ̀gbọ́n, èló ni?", kò sì sẹ́ni tó ń ya inú ìwé fún mi rí.

Ká kọ́kọ́ palẹ̀ ₦25,000 yẹn mọ́. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. CGC, ilé iṣẹ́ tí àwọn tó ń kó kọ́míìkì jọ lókè òkun máa ń lò jù, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, tó wà ní Florida báyìí, ìwé gan-an ni wọ́n máa ń gbà sọ́wọ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún un ní máàkì, wọ́n á wá tì í mọ́nú ike. Kò sí sátífíkéètì kan tí wọ́n ń ti orí WhatsApp gbà fún ìwé tí wọn ò fojú kàn. Olè ni, ó kàn ń sọ gẹ̀ẹ́sì ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ gan-an. Ìwọ, olè yẹn, àti ọ̀rẹ́ ẹ, ohun kan náà lẹ jọ gbà gbọ́, pé àwòrán ara kọ́fà gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìwé, tí kò bá ti ṣẹlẹ̀ á jẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Iṣẹ́ kọ́fà ni kó mú kí ọwọ́ ẹ wọ àpò. O ò ra fíìmù Yorùbá rí ni? Wọ́n á gbé òṣèré ńlá sójú pósítà tòun ti ìbọn, o wo fíìmù tán, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọjú, ó wá kí ìyàwó ilé kú ewu ọmọ ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń ṣe kọ́míìkì ní Amẹ́ríkà ò tiẹ̀ fi í bò. Ní DC, àwọn tó ni Superman àti Batman, ẹ́dítọ̀ kan wà láyé 1950 sí 1960 tó ń jẹ́ Julius Schwartz, kọ́fà ni tiẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ wá, wọ́n á ro àwòrán tó máa dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, lẹ́yìn ìgbà yẹn ni òǹkọ̀wé á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá ìtàn tó máa gbà á wọlé. Lọ́dún 1951 wọ́n gbé ìnàkí sára kọ́fà Strange Adventures nọ́ńbà 8, ọjà tà wàràwàrà, bí ìnàkí ṣe kún ojú kọ́fà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Ti Flash, akọni wọn tó máa ń sáré bí ìjì, nọ́ńbà 163 lọ́dún 1966 ló tún pa mí lẹ́rìn-ín jù: Flash na àtẹ́lẹwọ́ sí ìwọ tó ń kọjá lọ, ó ní má fi ìwé yìí sílẹ̀ o, ẹ̀mí òun wà lọ́wọ́ ẹ! Nígbà tó yá tí àwọn ọmọdé ti mọ̀ pé ẹni tó kú lára kọ́fà kì í kú, àwọn tó ń ṣe ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sára kọ́fà pé èyí kì í ṣe àlá o, kì í ṣe ẹ̀tàn.

Lọ wo World's Finest pàápàá, kọ́míìkì DC kan náà ni. Láti 1941 ni wọ́n ti ń kó Superman, Batman àti Robin ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ jọ sára kọ́fà kan náà, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bí ọmọ ìyá. Ṣí inú ẹ̀ wàyí: Superman wà nínú ìtàn tiẹ̀, Batman àti Robin wà nínú tiwọn, wọn ò tiẹ̀ kíra wọn. Ó di nọ́ńbà 71 lọ́dún 1954 kí wọ́n tó jọ ṣiṣẹ́ nínú ìtàn kan nínú ìwé yẹn, ìyẹn náà kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló fà á, wọ́n dín ojú ewé kù, wọ́n já owó ẹ̀ láti sẹ́ńtì 15 sí 10, kò wá sáàyè mọ́ kí kálukú ní ilé tiẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá gbáko! Tó bá jẹ́ pé kọ́fà tó parọ́ ni àṣìtẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni àṣìtẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó ya kọ́fà sì lè má jẹ́ ẹni tó ya inú. Ìwé tí Spider-Man ti kọ́kọ́ jáde, Amazing Fantasy nọ́ńbà 15 ti 1962, Steve Ditko ló ya ìtàn inú ẹ̀, Jack Kirby ló fi pẹ́ńsù ya kọ́fà, Ditko sì fi íńkì tọ ojú àwòrán náà. Lóde òní ó tún le sí i, torí àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń bèèrè fún ìwé ní bí oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó jáde, kọ́fà ni wọ́n sì máa fi hàn wọ́n, òǹkọ̀wé lè má tíì débi àárín ìtàn nígbà yẹn.

Àwa náà ń ṣe é níbí. Oníbàárà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Utako, kọ́fà ló fẹ́ kíákíá kó lè gbé e sórí Instagram, ẹni tó ń kọ ìtàn ò tíì pinnu ibi tí ìjà máa ti wáyé. Mo gbé akọni inú ìtàn náà sórí àpáta Zuma, mànàmáná lọ́wọ́ ọ̀tún, aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìgbà tí ìtàn fi máa dé, inú bọ́ọ̀sì El-Rufai ni gbogbo ìjà ti ṣẹlẹ̀, Zuma ò tiẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. Ìwé náà tà dáadáa.

Àṣìtẹ̀ gidi wà o, mi ò ní kò sí. Ìyẹn ni kí wọ́n fi kọ́fà ìwé kan dì mọ́ inú ìwé mìíràn, kì í sì í ṣe àwòrán ni wàá fi mọ̀ ọ́n. Wo ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, àwọn mìíì máa ń gbé e sí ojú ewé tó kẹ́yìn: lẹ́tà wẹẹrẹ kan wà níbẹ̀ tó ní orúkọ ìwé, nọ́ńbà, oṣù àti ọdún. Kó bá ti ara kọ́fà mu. Bí kò bá bá a mu, má tíì yọ̀, wo pínnì ẹ̀yìn ìwé náà, tí ihò bá ju pínnì lọ, ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti tú u rí. Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, fẹ́ńdọ̀ tí ọjà ò tà fún kì í dá odidi ìwé padà, kọ́fà tó ya tàbí ibi orúkọ òkè ẹ̀ nìkan ló máa fi gbowó ẹ̀, inú tó kù ni kó bà jẹ́. Àwọn kan ò bà á jẹ́, wọ́n rọra tà á. Ìyẹn ni irú inú ìwé bẹ́ẹ̀ fi wà káàkiri láìní kọ́fà, tẹ́nì kan á sì bá a wá kọ́fà àjèjì.

Mi ò fọwọ́ kan ìwé tìẹ o, torí náà má lọ sọ fẹ́nikẹ́ni pé èmi ni mo ní ojúlówó ni, tàbí mo ní kì í ṣe ojúlówó. Mállàm yẹn ńkọ́, ìwé tòkunbọ̀ ló ní òun ń tà, ìwé tòkunbọ̀ lo gbà, owó kí lo fẹ́ lọ gbà padà? Tí òǹtàjà bá dìídì parọ́ ohun tó ń tà fún ẹ, ìyẹn di ọ̀rọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, èmi kì í ṣe lọ́yà.

Lọ ka lẹ́tà wẹẹrẹ yẹn lálẹ́ òní. Tó bá bá kọ́fà mu, fi ìwé ẹ síbi tí òjò ò ti ní pa á, kóo sì bulọ́ọ̀kù bọ̀dá WhatsApp yẹn. Tí kò bá bá a mu, ya ibẹ̀ àti pínnì ẹ̀yìn ẹ̀ fún mi, mi ò fẹ́ rí kọ́fà.