Ta ni "J" tó ń kọ lẹ́tà sí màmá àgbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Màmá tó bí màmá mi ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, ìgbà tí a ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ la rí àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́tà 43 ló wà níbẹ̀, wọ́n fi okùn dì í. Ọwọ́ ẹnì kan náà ló kọ èyí tó pọ̀ jù, "ẹ̀gbọ́n rẹ, J" ló máa ń kọ sísàlẹ̀. Màmá mi ní àwọn ò gbọ́ ọ rí pé màmá àgbà ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kankan. Mo kọ̀wé sí mọ̀lẹ́bí mẹ́fà tó jìnnà sí wa, ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, òun náà ní kí n yéé hú òkú síta. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, àbí kí n kúkú lọ ṣe DNA? (Ọmọ-ọmọ tí ò rí oorun sùn)

ÌDÁHÙN: Ọmọ-ọmọ, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Okùn yẹn, ṣé ẹ ti tú u? Tí ẹ ò bá tíì tú u, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí bí màmá ṣe to àwọn lẹ́tà yẹn, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Èyí tí etí ẹ̀ ti rọ̀ bí aṣọ, tó ti fẹ́ já níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, wọ́n ti ṣí i kà ju àwọn yòókù lọ nìyẹn. Ẹ mú pẹ́ńsùlù, kì í ṣe bírò o, ẹ kọ nọ́ńbà tín-ínrín sí igun ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn bí ẹ ṣe bá a, kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀ tojú-tẹ̀yìn tòun ti àpò ẹ̀, kẹ́ ẹ tó máa kà á. Bó bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Mo ti bá ara mi ṣe é rí, lẹ́tà bàbá tó bí bàbá mi ni, mo lẹ̀ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, gọ́ọ̀mù ẹ̀ di pupa rúsúrúsú, ibi tí orúkọ ìyàwó àkọ́kọ́ wà gan-an ló sì wọ̀.

Àpò lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù nù yẹn, òun ni ẹlẹ́rìí tí kì í parọ́. Nínú lẹ́tà, J lè kọ "ọjọ́ Tuesday" lásán, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ pósófíìsì á sọ ìlú àti ọdún. Tí ẹ bá wá rí lẹ́tà méjì tí èsì dà bíi pé ó ṣáájú ìbéèrè, ẹ má rò pé orí ẹnì kan ló dàrú, kàlẹ́ńdà lè yàtọ̀ síra. Rọ́ṣíà, bí àpẹẹrẹ, láti 1900 títí wọ́n fi pa tiwọn dà ní 1918, ọjọ́ 13 ni wọ́n fi wà lẹ́yìn Faransé.

Ó wá ku "ẹ̀gbọ́n" tó gbà yín lóorun. Ẹ̀gbọ́n inú lẹ́tà kì í ṣe ìwé ẹ̀rí o. Ó lè jẹ́ ọmọ ìyá, ó lè jẹ́ ọmọ bàbá nìkan, kọ́sìn, ọkọ ẹ̀gbọ́n, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì lè jẹ́ ẹni tí màmá àgbà ìbá fẹ́ (ẹ má bínú). Ohun tí màá wá kọ́kọ́ ni bí J ṣe ń pe àwọn òbí. Ṣé "màmá wa" ló ń kọ ni àbí "màmá rẹ"? Tó bá ń kọ "bàbá wa" lójú ìwé kan, tó sì wá ń bèèrè àlàáfíà "màmá rẹ" lójú ìwé kejì, ó jọ pé bàbá ló pa wọ́n pọ̀, kì í ṣe ìyá. Ẹ ka gbogbo 43 nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, ẹ sàmì sí i. Ẹ wo ẹni tí J ń kí àti ẹni tí ò kí rí pẹ̀lú.

Ní ti àwọn mọ̀lẹ́bí, kí lẹ kọ sí wọn? Tó bá jẹ́ "ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ gbogbo nǹkan tí ẹ mọ̀ nípa ìdílé wa", èmi náà ò ní dáhùn, ẹrù nìyẹn. Ẹ fi fọ́tò kan ránṣẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ló dúró sápá òsì yìí?" Ẹni tó ní kẹ́ ẹ má hú òkú yẹn wá ńkọ́? Òun gan-an ni màá sún mọ́, torí ó jọ pé ó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àmọ́ ẹ má dárúkọ J fún un o. Ẹ pè é, ẹ fi bí màmá àgbà ṣe jáde láyé tó o létí, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ìpè kẹta tàbí ìkẹrin ló máa ń já a.

DNA, ó di ìgbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, màmá yín ni kó ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin, tí wọ́n bá gbà. Ká ní ọmọ ìyá ọmọ bàbá ni J àti màmá àgbà, màmá yín àti ọmọ J á jọ ní nǹkan bí 12.5% pọ̀, tó bá jẹ́ bàbá nìkan ló pa wọ́n pọ̀, á dín sí nǹkan bíi 6%. Tẹ́ ẹ bá ṣe tiyín, ìdajì ìyẹn lẹ máa rí. Bí kò bá sì sẹ́nì kankan lápá J tó ti ṣe é níbi tẹ́ ẹ ti ṣe tiyín, ẹ ò ní rí J níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Orúkọ kan náà ni bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń jẹ́ nínú ìdílé wa, ó ti dàrú mọ́ mi lójú. (Ìkẹta nínú wọn)

ÌDÁHÙN: Ẹ fi nọ́ńbà pè wọ́n. Ẹ̀yin ni 1, bàbá yín 2, màmá yín 3. Nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lọ́nà méjì ni bàbá ẹ̀, ẹ fi ẹyọ kan lé e, màmá ẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti kọ 14 sẹ́yìn lẹ́tà kan, bàbá màmá tó bí màmá yín nìyẹn, orúkọ yòówù kó máa jẹ́.