Ẹ Bi Wá: Iyùn àti Ẹja Òkun Nínú Ilé

Nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lóṣù yìí, ti táńkì omi òkun tí iyùn àti ẹja jọ ń gbé ló pọ̀ jù. A mú márùn-ún nínú wọn. Ohun kan náà ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù: iyùn lè fara da omi tí kò pé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò lè fara da omi tó ń yí padà lójijì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Súrùlérè ni mò ń gbé. Mo ti ra táńkì gíláàsì tó gùn ní 90 cm, tó fẹ̀ ní 45 cm, tó sì ga ní 45 cm. Ṣé mo lè máa lọ pọn omi létíkun dípò kí n ra iyọ̀? Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má pọn ọ́n. Commodore Channel ni omi ọ̀sà Èkó ń gbà já sókun. Lásìkò òjò, omi odò tó ń ṣàn wọ ọ̀sà náà pọ̀ débi pé iyọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, omi etíkun tó sún mọ́ ẹnu rẹ̀ náà á sì yí padà. Epo, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ìlú tún wà níbẹ̀. Omi odò àti ẹrẹ̀ yìí wà lára ìdí tí kò fi sí òkìtì iyùn létíkun wa. Iyọ̀ òkun tí wọ́n ṣe fún táńkì iyùn ni kí ẹ rà.

Táńkì yín gba lítà 182. Tí òkúta àti iyanrìn bá wọ̀ ọ́, omi tó máa kù á tó nǹkan bíi 150. Gbogbo ẹrù náà yóò wúwo ju 200 kílò lọ, nítorí náà ẹ má gbé e sórí tábìlì yàrá. Ẹ ṣe ìjókòó irin tàbí ti pákó líle tó tẹ́jú gan-an fún un.

Inú ẹ̀rọ RO/DI (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi títí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó yòrò sínú rẹ̀ yóò fi kúrò) ni kí omi tí ẹ máa fi po iyọ̀ ti jáde. Irin sábà máa ń wà nínú omi borehole, pure water inú ọ̀rá sì dára fún mímu, àmọ́ kò mọ́ tó fún iyùn. Lítà omi kan gba iyọ̀ tó tó 36 sí 40 gíráàmù, bí irú iyọ̀ náà bá ṣe rí. Inú garawa ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti pò ó, kí pọ́ǹpù kékeré máa rò ó di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi refractometer (ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi) wò ó: 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan), tàbí 1.026 tó bá jẹ́ bí omi ṣe wúwo ló ń kà, ni ẹ ń wá.

Ẹ kó òkúta tó tó kílò 15 sí 20 jókòó sórí gíláàsì ìsàlẹ̀ kí ẹ tó da iyanrìn yí i ká. Tó bá jẹ́ orí iyanrìn ni ẹ tò wọ́n sí, ẹja tó máa ń gbẹ́lẹ̀ lè mú gbogbo rẹ̀ wó lu gíláàsì.

Lẹ́yìn náà ni sùúrù. Amóníà máa ń jáde lára ẹja, májèlé sì ni fún un. Bakitéríà kan á sọ amóníà di nitrite, òmíràn á sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ara òkúta ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Ẹ kán ammonium chloride, tó ń fún omi ní amóníà, sómi títí test kit (ohun èlò tí wọ́n fi ń dán omi wò) yóò fi ka amóníà 2 mg/L, ẹ da bakitéríà inú ìgò sí i, ẹ fi iná sílẹ̀ láìtàn, ẹ sì máa wọn omi lọ́jọ́ méjì-méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kán 2 mg/L sí i, tí amóníà àti nitrite sì di òdo kó tó pé wákàtí 24, táńkì yín ti ṣe tán. Ẹ pààrọ̀ omi tó tó ìdajì, kí ẹ wá kó ìgbín òkun bíi mélòó kan àti clownfish méjì wọlé. Iyùn rírọ̀ bíi Zoanthus àti Sarcophyton lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù kan. Acropora, iyùn olókùúta ẹlẹ́ka, ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó di oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ìwé àṣẹ CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu) gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé iyùn olókùúta tó bá ti òkèèrè wá. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á.

L'Ékòó, ooru ni wàhálà. Ẹ má jẹ́ kí omi kọjá 28°C. 25 sí 27 ló dáa jù. Fáànù tó ń fẹ́ sójú omi á mú un tutù ní ìwọ̀n 2 sí 3°C lásìkò ọyẹ́, àmọ́ tí ojú ọjọ́ bá rin gbingbin lásìkò òjò, agbára rẹ̀ á dínkù, ẹ ó sì nílò AC tàbí chiller. Omi tó bá gbẹ, omi RO/DI lásán ni kí ẹ fi dípò rẹ̀, torí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ìbàdàn ni mo wà. Gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ni omi ń kún sump (táńkì kejì tó wà lábẹ́ táńkì ẹja), tó ń dà sílẹ̀ yàrá. Kí ló fà á? Kí sì ni kí n kọ́kọ́ so mọ́ ínfátà?

ÌDÁHÙN: Páìpù tó ń gbé omi padà sókè náà ló ń fà á wálẹ̀. Tí pọ́ǹpù bá kú, ẹnu páìpù tó rì sínú omi yóò máa fa omi lọ sísàlẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ̀ ọ́. Nínú táńkì tó gùn ní 90 cm, tó fẹ̀ ní 45 cm, omi tó ga ní 1 cm jẹ́ lítà mẹ́rin. Bí ẹnu páìpù bá rì ní 5 cm, lítà ogún ló ń bọ̀ wálẹ̀ yẹn. Ẹ gbé e sókè kó má rì ju 1 cm lọ. Àwọn kan máa ń lu ihò kékeré sára páìpù; kò burú, àmọ́ ìgbín kan ṣoṣo lè dí i, nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé e.

Ẹ wá pa pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kí omi wálẹ̀ tán, kí ẹ bu omi sí sump títí yóò fi ku 3 cm kó kún. Ẹ tan pọ́ǹpù padà. Ibi tí omi sump bá lọ sílẹ̀ dé, ẹ fi mákà fa ìlà sí i. Ẹ má ṣe bu omi kọjá ìlà yẹn láé.

Ní ti ínfátà, afẹ́fẹ́ inú omi ló máa ń kọ́kọ́ tán, wákàtí díẹ̀ sì ti tó láti pa ẹja. Pọ́ǹpù tó ń ru omi ni kó ṣáájú, kí ti sump tẹ̀ lé e. Tí méjèèjì lápapọ̀ bá jẹ 40 wátì, bátìrì 12 V, 100 Ah kan, tí ẹ kò lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, á gbé wọn fún bíi wákàtí 12. Iná táńkì lè wà ní pípa fún ọjọ́ méjì láìṣe iyùn ní nǹkan kan.

ÌBÉÈRÈ: Láti Lewisham, London. Oṣù mẹ́ta rèé tí a gbé táńkì wa kalẹ̀. Nǹkan búráùn bí eruku bo iyanrìn, algae (ewéko omi) tó rí bí irun sì ń hù lára òkúta, àmọ́ test kit ní phosphate jẹ́ òdo. Omi ẹ̀rọ tí a sè ni à ń lò.

ÌDÁHÙN: Sísè yẹn kò yọ phosphate, kò sì yọ silicate, omi tó ń gbẹ nínú ìkòkò tiẹ̀ ń mú kí wọ́n ki sí i ni. Ní Britain, àwọn ilé iṣẹ́ omi máa ń fi phosphate sínú omi kí òjé má baà yọ láti ara páìpù àtijọ́. Algae yín ti ń jẹ phosphate náà kí test kit tó rí i, ìdí nìyẹn tó fi ń ka òdo. Diatom, irú algae tín-íntín kan, ni nǹkan búráùn yẹn, silicate ló sì fi ń kọ́ èèpo ara rẹ̀.

Ẹ ra RO/DI, kí TDS (ìwọ̀n ohun tó yòrò sínú omi) omi tó ń jáde sì jẹ́ 0. Tí resini DI, èyí tó ń gba ohun tó kù nínú omi náà, bá fẹ́ tán, silicate á ti máa kọjá kí TDS tó kúrò ní òdo, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbó pátápátá. Ẹ máa fọwọ́ fa algae náà tu, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìdá mẹ́wàá omi lọ́sẹ̀. Phosphate tó ti wọ ara òkúta yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín.

ÌBÉÈRÈ: Láti Houston, Texas. Táńkì lítà 200 ni mo ní. Alkalinity rẹ̀ (ohun inú omi tí kì í jẹ́ kó kan, tí iyùn sì fi ń kọ́ egungun; dKH ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) lọ sílẹ̀ dé 5.8 dKH, ni mo bá bu baking soda sí i lálẹ́ ọjọ́ kan títí ó fi di 10. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ṣóńṣó ẹ̀ka Acropora mi funfun, awọ rẹ̀ sì ń bó.

ÌDÁHÙN: Fífò tí alkalinity fò láti 5.8 sí 10 lóru ọjọ́ kan ló bó o. Kó má ju 1 dKH lọ lójúmọ́. Ẹ má tún gbìyànjú láti fà á wálẹ̀. Ẹ dá baking soda dúró, kí iyùn fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́ wálẹ̀ dé 8.5. Ẹ̀ka tí awọ rẹ̀ ń bó, ẹ gé e ní 1 cm wọ ibi tí ara rẹ̀ ṣì dá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn ohun tí iyùn yín ń jẹ. Ká ní ẹ rí 8.4 lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ kò fi nǹkan kan sí i, tí ẹ sì rí 7.2 lọ́jọ́bọ̀ ní wákàtí kan náà: 0.4 dKH ló ń lọ lójúmọ́. Gíráàmù mẹ́ta baking soda (kì í ṣe baking powder o) ló ń gbé lítà 100 sókè ní 1 dKH. Fún lítà 200 yín, gíráàmù 2.4 lójúmọ́ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi RO/DI, kí ẹ sì rọra kán an síbi tí omi ti ń yára lọ. Calcium náà ń lọ pẹ̀lú rẹ̀, kó wà láàárín 400 sí 450 mg/L. Ẹ má da òun àti baking soda síbì kan náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má baà dì di ẹfun funfun. Kí magnesium wà ní bíi 1300. Tó bá kéré, àwọn méjèèjì kò ní dúró síbi tí ẹ fi wọ́n sí.

ÌBÉÈRÈ: Láti Manchester. Palythoa, irú iyùn rírọ̀ kan tó jọ Zoanthus, ti bo òkúta kan nínú táńkì wa. Ọkọ mi fẹ́ sè é lórí sítóòfù kí ó lè pa wọ́n. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó sè é. Palytoxin, ọ̀kan lára májèlé tó le jù lọ, lè wà lára wọn. Bí ooru omi gbígbóná bá gbé e sínú afẹ́fẹ́ ilé, gbogbo ẹni tó bá mí i sínú lè ṣàìsàn: ibà, òtútù, ikọ́, kí èémí má já gaara. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á pẹ̀lú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú, ẹ gbé òkúta náà jáde ní tútù, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ sì sọ ọ́ nù. Tí ara ẹnikẹ́ni kò bá yá lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kí ẹ sì dárúkọ palytoxin fún dókítà, torí àìsàn rẹ̀ jọ ibà lásán.