Ó ń kọ orin A B C, ṣùgbọ́n kò lè ka "ata"

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún, ó wà ní KG 2 ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbí ní Abẹ́òkúta. Ó mọ orin A B C láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń ka ìwé tí wọ́n fún un bí ẹni mumi. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọwọ́ bo àwòrán, kò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, n kì í délé ṣáájú aago méje, ọ̀pọ̀ alẹ́ ni kì í sí iná. Àwọn aládùúgbò ní kí n yé sọ Yorùbá sí i, pé òun ni kò jẹ́ kí òyìnbó wọ̀ ọ́ lórí. Ṣé kí n gba tíṣà lẹ́sìn fún un ni, àbí ohun kan wà tí èmi fúnra mi lè ṣe? — Ìyá ọlọ́mọ kan, Ìtòkú

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ọwọ́ tí ẹ fi bo àwòrán yẹn, ìdánwò tó péye ni. Ọmọ yín ti há ìwé náà sórí látinú ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, àwòrán ló sì ń sọ fún un pé ibí la dé. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ó gbà pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé kíkà nìyẹn, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú rẹ̀ nìyẹn.

Orúkọ lẹ́tà ni orin ń kọ́ni, kò kọ́ni ní ìró wọn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń da ọmọ rú. A kọ́ ọ pé "bí" ni b, "tí" sì ni t. Ó wá rí "bàtà", ó pe ohun tí a kọ́ ọ: bí-a-tí-a. Níbo ló ti máa rí bàtà nínú ìyẹn? Ọmọ tó bá gbọ́n, tó rí i pé ohun tí òun pè kò jọ nǹkan kan, á kàn padà sí àwòrán.

Tíṣà lẹ́sìn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ti jókòó ní kíláàsì láti àárọ̀ kò ní agbára wákàtí kan mìíràn lára, ohun kan náà tó ń há sórí ni wọ́n á sì tún máa há fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ lọ́wọ́ yín tó. Ó sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ, nítorí ohun tí ọmọ kékeré kọ́ lónìí kò pẹ́ kó tó sá lọ bí a kò bá tún un pè lọ́la.

Ẹ má sì yé sọ Yorùbá sí i. Yorùbá gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ tán, ojú nìkan ló kù kó bá etí. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìró kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Òyìnbó ní 26, ṣùgbọ́n ìró tí wọ́n ń fi wọ́n kọ lé ní 40, ìdí nìyẹn tí a nínú "cat" kò fi jọ a nínú "cake". Sílébù tiwa, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí a ń pè lẹ́ẹ̀kan, kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, ìyẹn lẹ́tà bíi b àti t, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sì í dì mọ́ra. Ọmọ tó bá lè ka ba àti ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka bàtà tán. Ní ti ẹ̀rù àwọn aládùúgbò, ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí òyìnbó jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò gbẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú òyìnbó. Abẹ́òkúta níbí kan náà ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá ní 1859, nítorí náà bí wọ́n bá tún ní Yorùbá kò ṣe é fi kọ́mọ níwèé, ẹ kàn fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má mú bébà jáde rárá. Etí nìkan lẹ máa lò. Bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀fọ́, bí ẹ bá jọ wà nínú Márúwá, ẹ pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀: a-ta, méjì, à-dì-rẹ, mẹ́ta, Ì-tò-kú, mẹ́ta, A-bẹ́-ò-kú-ta, márùn-ún. Ibi tí àwọn òbí ti máa ń ṣì í ni pańla. Àtẹ́wọ́ mẹ́ta ni, pa-ń-la, nítorí ń yẹn dá dúró, ó ní ohùn tirẹ̀. Tó bá mọ èyí, ẹ bi í pé èwo ló bẹ̀rẹ̀ bí bàtà, ṣé bàbá ni àbí màmá? Lẹ́yìn náà èyí tó le díẹ̀: "Sọ bàtà. Yọ bà kúrò. Kí ló kù?" Bó bá gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ó tó gbéra. Bí kò bá tíì gbà á, ẹ dúró síbẹ̀, ì báà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò tíì lè gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, há-sórí náà ni yóò tún padà ṣe tí ẹ bá gbé lẹ́tà síwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni káàdì. Ẹ gé páálí Indomie tó ṣófo sí fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi máákà dúdú kọ lẹ́tà kékeré sí i. Lẹ́tà kékeré ni o, nítorí òun ló pọ̀ jù nínú ìwé. Lẹ́tà ńlá ti mọ́ ọn lára nínú orin. Ẹ wo ìwé rẹ̀ kí ẹ rí bí tíṣà rẹ̀ ṣe ń kọ a, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún lẹ fi bẹ̀rẹ̀: a, i, o, b, t. Ẹ jẹ́ kí a, i, o mọ́ ọn lára fún ọjọ́ méjì. Ní ti b àti t, ẹ má pè wọ́n lóun nìkan, nítorí wọn kò ṣe é fà gùn. Ẹ so wọ́n mọ́ fáwẹ̀lì lójú ẹsẹ̀: ba, bi, bo, ta, ti, to. Káàdì mẹ́fà nìyẹn. Káàdì tuntun kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ lálẹ́ kan. Ẹ wá tò wọ́n pọ̀ lórí ẹní: a àti ta, ata. O àti bì, obì. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ tí lẹ́tà márùn-ún péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ka "Bàbá ta ata" àti "Títí ta bàtà", gbólóhùn tó pé, láìsí àwòrán kankan.

Ẹ fi l, m àti u kún un: omi, ilá, "Màmá bu omi", "Bàbá lu ìlù". Lẹ́yìn náà e, ẹ àti ọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán sáàrin e àti ẹ, kí àmì abẹ́ yẹn má bàa jọ ìdọ̀tí lójú rẹ̀. D kò gbọdọ̀ sún mọ́ b. Ó kéré tán, kí b ti dúró dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́tà kan ni gb, orí káàdì kan ni kó wà, ẹ má gé e sí méjì. Ẹ fi an, ẹn, in, ọn àti un sẹ́yìn pátápátá, nítorí a kì í pe n inú wọn sọ́tọ̀, imú ló ń bá wọn jáde.

Àmì ohùn ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sórí ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ẹ má béèrè pé kí òun kọ ọ́. Kó ṣáà máa rí i. Ẹ kùn ún nímú fún un ná, dò-re-mí, kó sọ èyí tó jẹ́ ìlù àti èyí tó jẹ́ ìlú. Ọbẹ̀ àti ọ̀bẹ rọrùn jù, ẹ gbé méjèèjì síwájú rẹ̀ kó gbé káàdì tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu sí i. Bó bá ka "Bàbá lu ìlú", ẹ má ní "rárá". Ẹ bi í bóyá a máa ń lu ìlú. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tún ọ̀rọ̀ náà wò.

Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, káàdì àtijọ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, tuntun gba márùn-ún. Ìyókù, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa kàwé fún un, kí ìka yín máa tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ lọ. Kí ẹ tó ṣí ojú-ewé tuntun, ẹ bi í ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Bó bá há síbì kan, ẹ ka ení dé àrún nínú yín kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Bí kò bá jáde, ẹ pe sílébù náà, kí òun náà pè é, kí ẹ sì kọjá. "Mo ti sọ ọ́ fún ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá" kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan àfi kó máa wo ojú ìyá rẹ̀ dípò káàdì. Ẹ káwọ́ nílẹ̀ nígbà tó ṣì wù ú. Lálẹ́ tí kò bá sí iná, àlọ́ àpamọ̀ ni: kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Àgbàrá òjò. Iṣẹ́ ìwé ni ìyẹn náà, nítorí ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò bá gbọ́ rí, bó kà á tán, kò ní mọ̀ pé òun kà á.

Ọwọ́ rẹ̀ kò ní yá tó ojú rẹ̀, ẹ má sì so méjèèjì pọ̀. Kó fi ìka kọ lẹ́tà sínú yanrìn, kó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó tó kan pẹ́ńsù. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ bá ṣẹ́ kúrú bí àtàǹpàkò ló dára, torí kò sí àyè fún gbogbo ọwọ́ láti dì í mú, ìka mẹ́ta náà ló máa lò. Fún b, ọ̀pá ló ń ṣáájú, ikùn ń tẹ̀ lé e. Fún d, ikùn ló ń ṣáájú. Bó bá ṣì ń yí wọn padà, kì í ṣe àìsàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe é títí di nǹkan bí ọdún méje.

Ní ti iṣẹ́ àmúrelé, ẹ má di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ ọ́. Bí ojú-ewé bá pọ̀ jù, kó ṣe èyí tó lè dá ṣe, kí ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé pé ibí ló dé. Ẹ bi tíṣà rẹ̀ ní ìró tí wọ́n ń kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ Jolly Phonics, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà òyìnbó, tó wọ́pọ̀ láwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, s, a, t, i, p, n ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ti òyìnbó sórí bébà funfun, kí páálí jẹ́ ti Yorùbá, kẹ́ ẹ má sì ṣe méjèèjì ní ìjókòó kan. P inú "apá" àti p inú "pin" kò jọra: tiwa ń ti ètè àti ẹ̀yìn ẹnu jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ti òyìnbó kò kọjá ètè. Ohun kejì ni òpin ọ̀rọ̀. Ahọ́n Yorùbá fẹ́ fáwẹ̀lì níbẹ̀, "bag" á di "bági". Ẹ sọ fún un pé kó dákẹ́ lórí g, kó má ṣí ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ kọ gbólóhùn kan tí kò rí rí, tó jẹ́ kìkì káàdì tó ti mọ̀. Bó bá ka "Títí bá bàbá lu ìlù", ó ti ń kàwé nìyẹn. Bí oṣù méjì bá kọjá tí kò tíì lè pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀, tí kì í yíjú bí ẹ bá pè é látẹ̀yìn, tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, tàbí tó ń gbé ìwé sún mọ́ imú, ẹ mú un lọ sí FMC, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Aba, kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní olódo.