Ọmọ mi ń gba kẹ́mò, kò sì fẹ́ kí n sún mọ́ òun

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 34 ni ọmọ mi obìnrin. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n bá lára rẹ̀, ó sì ti gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n lè tọ́jú ẹ, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń kanra mọ́ mi. Kì í jẹ́ kí n bá òun wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Bí mo bá béèrè bára ṣe rí, á ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n sinmi." Mi ò rí oorun sùn mọ́. Mo tún ń rò ó bóyá èmi ni mo fà á. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìfaradà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, mo sì mọ ìyá tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tó di báàgì ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, tí kò gbójú kúrò lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin nìkan kọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìkanra yẹn, torí ó lè jẹ́ pé oògùn wà níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi sítẹ́rọ́ìdì kún kẹ́mò kí èébì má baà da èèyàn láàmú. Oògùn yẹn máa ń lé oorun lọ, ó sì máa ń jẹ́ kí inú tètè bíni. Bó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn kẹ́mò ló máa ń le jù, kó sọ fún dókítà rẹ̀. Nígbà míì, kí wọ́n kàn ní kó máa lò ó láàárọ̀ dípò alẹ́ ti tó.

Èyí tó kù kì í ṣe ti oògùn. Obìnrin tó ń dá pinnu ọ̀rọ̀ ayé ara rẹ̀ ni. Ní báyìí, ẹlòmíì ló ń sọ ọjọ́ tó máa wá, iṣan tí wọ́n máa gún, àti ìgbà tí irun orí rẹ̀ máa re. Bí ìyá bá tún ń béèrè lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ bóyá ó ti jẹun, ó di ọmọ ọdún mẹ́fà padà nìyẹn. Ìwọ̀nba ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń jà fún. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá jà.

Ọ̀rọ̀ yàrá dókítà ńkọ́? Àgbàlagbà ni, òun ni dókítà máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti tọ pinpin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá gbọ́, kò ní finú hàn yín mọ́. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan: "Ṣé kí n bá ẹ wọlé, kí n máa bá ẹ kọ ohun tí dókítà bá sọ, àbí kí n dúró síta?" Bó bá ní síta, ẹ dúró síta. Ìgbà míì, á yí ọkàn padà.

Nínú ilé náà, ìbéèrè pàtó ni kẹ́ ẹ máa bi í. "Kí ni kí n bá ẹ ṣe?" á tún di iṣẹ́ tuntun sí i lọ́rùn. "Mo fẹ́ fọṣọ, ṣé kí n kó tìẹ mọ́ ọn?" rọrùn láti dáhùn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bó bá jẹ́ aṣọ tí ó bì sí tàbí tí ìtọ̀ kàn, torí oògùn náà ṣì máa ń jáde lára fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ẹ má sì bù oògùn ewé kankan sí ohun mímu rẹ̀ láìsọ fún un. Àwọn míì máa ń bá kẹ́mò jà nínú ara.

Ibì kan péré wà tí mi ò ní ní kẹ́ ẹ dúró gbàṣẹ: ibà, ìyẹn ara gbígbóná. Pẹ̀lú ọ̀pọ̀ oògùn kẹ́mò, láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tó bá gbà á ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, tó ń bá àrùn jà, máa ń lọ sílẹ̀ jù. Bí tẹmómítà bá fi lè ka 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, ilé ìwòsàn yá, bó tilẹ̀ jẹ́ òru ọ̀gànjọ́. Ẹ má lo parasitámọ́ọ̀ kẹ́ ẹ máa dúró dìgbà tílẹ̀ máa mọ́; ó lè bo ibà yẹn mọ́lẹ̀, kí àrùn máa jà lábẹ́lẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà gan-an ni kẹ́ ẹ ti sọ pé, "Kẹ́mò ló ń gbà, ọjọ́ kẹwàá rèé," kí wọ́n má baà tò yín sórí ìlà. Mo rántí ìyá kan tó fi bàtà sí ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ láago mẹ́ta òru, tí ọmọ sì ń bínú títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ti ń kán wọ iṣan rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì pé kí ìyá òun wá jókòó. Ẹ jọ sọ ọ̀rọ̀ ibà yìí nígbà tára ọmọ yín bá balẹ̀, kó mọ̀ pé lórí èyí nìkan, ẹ ò ní gbọ́ "rárá".

Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á o. Nínú 100 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, bíi 5 sí 10 ni tiwọn tinú ìdílé wá, òbí tí ọmọ bá sì jogún un lára rẹ̀ kò ṣe ọmọ náà níbi. Bí ẹlòmíì bá ti ní irú ẹ̀ rí lẹ́bí, kí ọmọ yín sọ fún dókítà rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ̀yin náà sọ fún dókítà tiyín, kẹ́ ẹ sì mẹ́nu ba àìrórunsùn yẹn. Ẹ wá ẹnì kan tẹ́ ẹ lè tú inú yín fún, tí kì í ṣe òun.

Kẹ́mò ẹlẹ́ẹ̀kẹta ń bọ̀ lọ́nà. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ẹ bi í bóyá kẹ́ ẹ wọlé tàbí kẹ́ ẹ dúró síta, kẹ́ ẹ sì fara mọ́ èyí tó bá mú.