Àìsàn ojú Coats máa ń mú ọmọbìnrin pẹ̀lú o

Ẹ̀gbọ́n tó ní ojú òsì ọmọbìnrin yín ń yọ yẹ́lò nínú fọ́tò, tí nọ́ọ̀sì ní ẹ fọkàn balẹ̀ torí àìsàn àwọn ọmọkùnrin ni Coats, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọkàn balẹ̀ o. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi jókòó sílé.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni tèmi nígbà yẹn. Ọjọ́ bọ́ọ̀dé àbúrò ẹ̀ ni, gbogbo wọn dúró ti kéèkì, mo tan fláàṣì, ìgbà tí mo wá ń wo fọ́tò lálẹ́, ẹyinjú àwọn ọmọ yòókù pọ́n bí fláàṣì ṣe máa ń ṣe é, tiẹ̀ lápá ọ̀tún náà pọ́n, ti òsì wá ń tàn yẹ́lò bí ojú ológbò nínú òkùnkùn. Mo ní fóònù ló fà á. Lọ́jọ́ kan ni mo kàn fọwọ́ bo ojú òsì yẹn, ó ń jẹ bisikíìtì ẹ̀ lọ bí ẹni pé n ò ṣe nǹkan kan, mo wá bo ọ̀tún, ó gbá ọwọ́ mi dànù, ó bú sẹ́kún. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ríran lójú yẹn.

Irọ́ kọ́ o, ọkùnrin ló pọ̀ jù, nínú ọmọ mẹ́rin tó bá ní Coats, bíi mẹ́ta ló máa ń jẹ́ ọkùnrin. Ọmọ tèmi ni ẹ̀kẹrin yẹn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín ẹ̀yìn ojú ló ń wú, tó ń jo omi àti ọ̀rá, ọ̀rá yẹn lẹ rí nínú fọ́tò, tó bá jò pẹ́, á ṣí rẹtínà (awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tá a fi ń ríran) kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Ojú kan ṣoṣo ló sábà máa ń mú. Ìdí tó fi fẹ́ràn ọkùnrin, kò tíì sẹ́ni tó rí i dì mú, wọ́n ń fura sí jíìnì kan tó ń jẹ́ NDP tó wà lórí kromosómù X, èyí tí ọkùnrin ní ẹyọ kan péré, àmọ́ kì í sábà ti ìdílé wá, torí náà kí ìyá ọkọ ẹnikẹ́ni má máa wá afọ́jú kiri nínú ẹbí ìyàwó (tèmi wá a títí, kò rí).

Ohun tó sì yẹ kó lé yín jáde nílé lọ́la ni pé jẹjẹrẹ ojú ọmọdé, retinoblastoma, lè jọ Coats gan-an, òun kò sì mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Wọ́n ní láti rí i dájú ná pé kì í ṣe jẹjẹrẹ yẹn. Wọ́n kun ọmọ tèmi lóorun kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n ṣe skáànù ojú, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi iná lésà jó àwọn iṣan tó ń jò, wọ́n tún fi òtútù líle dì wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ. Ojú náà wà níbẹ̀, kò dùn ún, àmọ́ tí mo bá ju ọwọ́ níwájú ẹ̀ nìkan ló fi ń mọ̀.

Dókítà rẹtínà ni kẹ́ ẹ béèrè o, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta gíláàsì. Fọ́tò yẹn, ẹ má pa á rẹ́, ẹ gbé e lọ fún wọn.