Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án

Ọmọ mi ń gbóná, ẹ̀yìn ẹyinjú àti oríkèé ń ro ó. Àyẹ̀wò ibà ò gbé nǹkan kan jáde. Wọ́n ní ó lè jẹ́ dẹ́ńgè, àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó ranni, bẹ́ẹ̀ inú nẹ́ẹ̀tì la máa ń sùn! — Ìyá Ìbejì, Tákíẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀fọn Aedes ló ń tan dẹ́ńgè, ojúmọmọ ló sì ń jẹni. Nẹ́ẹ̀tì òru nìkan ò ká a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nílà funfun, inú omi tí a pọn sílé ló sì fẹ́ràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú dúrọ́ọ̀mù omi òjò tèmi, èmi nọ́ọ̀sì o! Tanwíji ń jó lọ jó bọ̀. Dída omi nù ò tó: ẹ fi kànìnkànìn fọ ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀, torí ẹyin ẹ̀fọn náà lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kó tún pa tómi bá dé. Ní Yogyakarta, Indonéṣíà, wọ́n tú ẹ̀fọn tó ní Wolbachia sílẹ̀, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀fọn lè tan dẹ́ńgè dáadáa. Dẹ́ńgè fi ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù níbẹ̀. Tiwa ṣì ni kànìnkànìn.

Ẹ mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò dẹ́ńgè. Parasitamọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ fún un, kì í ṣe aspirin tàbí ibuprofen, wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára rẹ̀. Bí ara bá wá tutù tí inú ń run ún gan-an, tàbí imú ń ṣẹ̀jẹ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.